Orin Ìkórè Láìsí Ìlù

Ariwo ló kọ́kọ́ pàdé mi ní Lálúpọn. Kí n tó kúrò nílé, mo ti rò pé èdè wọn ni yóò yà mí lẹ́nu, tàbí owó wọn, tàbí ìwà wọn. Rárá o. Ariwo ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ń ké láti àárọ̀, bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ń fun fèrè, télọ̀ yí rédíò rẹ̀ sókè, àwọn tó jókòó nídìí rédíò náà sì ń pariwo borí rédíò. Ní Kétu tí mo ti wá, ní ìhà kejì ààlà, àwa náà kì í ṣe odi, ṣùgbọ́n a máa ń sinmi. Bí ará Lálúpọn bá ń kí ara wọn, ẹ ó rò pé wọ́n ń jà ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé "Ṣé dáadáa lo jí?" tí Ìyá Súlè ń jágbe rẹ̀ mọ́ mi láràárọ̀, ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ìyá Súlè ló ni àtíbàbà tí a ti ń yan gàrí. Mùsùlùmí ni, opó bíi tèmi, ó ga, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Obìnrin kan tó máa ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ wá sí ilẹ̀ wa ló mú mi wá bá a. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ará Àjàṣẹ́ yìí, ṣé o lè yan gàrí?"

"Ará Kétu ni mí, mà."

"Ọ̀kan náà ni gbogbo yín. Ṣé o lè yan gàrí?"

Mo ní mo lè yan án. Irọ́ ni. Aṣọ ni mò ń tà nílé, jíjẹ nìkan ni mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ gàrí. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi, nígbà náà sì rèé, ìjọba ilẹ̀ wa kò rí owó oṣù san fún wọn mọ́. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ kì í ra aṣọ. Ọkọ mi ti kú. Mo ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àyọ̀ká, ó lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì. Mo gbé e fún ìyá mi, mo ní oṣù mẹ́fà péré ni n ó lò. Oṣù mẹ́fà yẹn di ọdún márùn-ún.

Lọ́jọ́ kìíní ni Ìyá Súlè rí i pé mi ò mọ gàrí í yan. Odidi agbada kan ni mo jẹ́ kó jóná gúrúgúrú. Ó wo gàrí tó dúdú, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Irọ́ lo pa fún mi. Ó dáa. Ẹni tó lè purọ́ báyìí nítorí iṣẹ́, ó máa kọ́ṣẹ́."

Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi. Títí dòní, bí mo bá ń gbàdúrà fún àwọn tó ṣe mí lóore, orúkọ obìnrin yìí máa ń ṣáájú orúkọ àwọn ẹbí mi. Kí ẹbí mi má bínú.

Ó lé ní ọdún kan kí n tó padà lọ wo ilé. Mo ra bàtà pupa, mo ra bisikíìtì, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ro bí ọmọ mi yóò ṣe sáré wá dì mọ́ mi. Nígbà tí mo wọlé, Àyọ̀ká sá sẹ́yìn ìyá mi, ó di ìró rẹ̀ mú gírígírí. Mo na ọwọ́ sí i, ó fi igbe ta.

"Àyọ̀ká," ìyá mi ní, "ta nìyí?"

Ọmọ náà yọjú, ó wo bàtà, ó wo bisikíìtì, ó wá wo ojú mi.

"Tàǹtí ni."

Èdè Faransé ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa ní Kétu. Tàǹtí ni àwọn ọmọdé máa ń pe obìnrin tó bá wá kí wọn nílé, tó fún wọn ní nǹkan, tó sì tún bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi ló ń pè ní Màmá. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé gbogbo ojú ló wà lára mi, mo sì wọ àkọ́dì lọ, mo sunkún.

Nígbà tí mo jáde, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbé ojú sókè.

"Má bínú sí i. Ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ lọmọ ń pè ní ìyá."

"Màá mú un lọ, Màámi."

"Lọ síbo? Síbi èéfín gàrí? O mọ̀ pé àyà rẹ̀ kì í gba èéfín. Bó bá dàgbà díẹ̀ sí i, tí àyà rẹ̀ lágbára, wàá mú un lọ. Ṣùgbọ́n wá nǹkan ṣe sí i o. Bó bá pẹ́ jù báyìí, orúkọ Tàǹtí náà ló máa fi sin ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Wọ́n ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá mi kàn yí i síbi tó ti dun èmi ni. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá lórí ilẹ̀ ayé: kí ọmọ mi pè mí ní ìyá rẹ̀ kó tó di pé kò ní í rọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Ní Kétu, wọ́n ti ń pè mí ní ará Nàìjíríà. Bí mo bá dé Lálúpọn, mo tún di ará Àjàṣẹ́. Ibi méjèèjì, orúkọ ibòmíràn ni wọ́n fi ń pè mí. Mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé orí ààlà gan-an ló yẹ kí n kọ́ ilé mi sí, kí n máa sun apá kan síbí, kí n sun apá kan sọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin tí a jọ ń yan gàrí á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló mú kí ọdún wọ̀nyẹn ṣeé gbé.

Oníṣòwò kan ní tẹlifóònù nítòsí ilé ìyá mi. Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, màá rán awakọ̀ tó ń kó gàrí pé kó sọ fún ìyá mi kó wà lọ́dọ̀ oníṣòwò náà lọ́jọ́ báyìí, lọ́sàn-án. Èmi náà á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìgboro Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tẹlifóònù. Gbogbo wa là ń pariwo níbẹ̀. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà ní Kánò ń kígbe, ẹni tí tirẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń kígbe jù ú lọ, nítorí ọ̀nà tiẹ̀ jìn jù.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi gbé fóònù sétí Àyọ̀ká, èmi náà kígbe.

"Àyọ̀ká! Àyọ̀ká o! Èmi ni! Ìyá rẹ ni!"

Mo gbọ́ "gbàà", mo sì gbọ́ ẹkún. Ó ti ju fóònù sílẹ̀. Ìyá mi gbé e.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ tó o ń pariwo? Ó ní ẹnì kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń bínú sí òun."

Nígbà kejì, mo ti kọ́gbọ́n. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí i, kò dáhùn. Èémí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, kò dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ohun tí mo tún lè bi í. Kí lèèyàn ń bi ọmọ tí kò mọ èèyàn? Àkókò ń lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Ni mo bá kọrin.

Orin ìkórè ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mi ò yàn án. Orin náà ò ṣàjèjì sí Aládùúrà kankan, ní ilẹ̀ wa àti ní Nàìjíríà: orin ìlù, orin fèrè, orin tí àgbàlagbà fi ń ju ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Mo fi ẹnu kan ẹnu fóònù, mo kọ ọ́ jẹ́jẹ́, bíi pé ó wà lẹ́yìn mi tí mo pọ̀n ọ́n. Kò sí ìlù. Mi ò lè pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi kan di fóònù mú. Nígbà tí mo dé ibi tí ìjọ máa ń gbè é, kò sẹ́ni tó máa gbè é, mo kàn dákẹ́ díẹ̀, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń bá orin lọ.

Mo parí rẹ̀. Ẹ̀rọ ń hó ṣìì. Mo wá gbọ́ ohùn ọmọ mi, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Màmá, ó ti dákẹ́. Ẹ ní kó tún un kọ."

Àkókò mi tán níbẹ̀. Wọ́n já fóònù náà. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi padà, èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín, obìnrin tó jókòó tì mí sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní láti jẹ́ pé ó rò pé orí mi ti dàrú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán orin náà wò nídìí agbada, kó lè túbọ̀ dán mọ́rán nígbà tí mo bá tún pè. Ẹni tó bá ń yan gàrí kò ní ọwọ́ tó lè fi pàtẹ́wọ́. Àfọ́kù igbá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ro gàrí lọ, ó ń fi rò ó bọ̀: ṣàà, ṣàà. Mo mú orin ìkórè, mo fà á nílẹ̀ títí ó fi bá igbá náà rìn. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni mò ń kọ ọ́. Èéfín ń wọ̀ mí lójú, omi sì ń bọ́ lójú mi, bó ṣe máa ń ṣe gbogbo ẹni tó bá ń yan gàrí.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alàásárì, mo wà nínú yàrá mi, mo rí Ìyá Súlè tó wọlé. Àwọn obìnrin mẹ́rin tẹ̀ lé e. Wọ́n ti tú gèlè, wọ́n ká a lé èjìká. Ẹnì kan gbé ẹ̀kọ dání, ẹnì kan gbé ọlẹ̀lẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ará Lálúpọn, láìsọ̀rọ̀! Ẹ̀rù ti bà mí kí Ìyá Súlè tó lanu.

"Ẹ kú ìrọ́jú," ó ní. "Ọlọ́run á dáwọ́ rẹ̀ dúró báyìí."

Mo rò pé awakọ̀ ti dé láti Kétu, pé wọ́n gbọ́ ohun tí èmi ò tíì gbọ́. Mo dìde, mo kígbe.

"Ta ló kú? Ṣé Àyọ̀ká ni? Ẹ sọ fún mi! Ta ló kú?"

Àwọn náà dìde. "Ta ló kú bí báwo? Ìwọ la wá bi!"

Mo ti sunkún dé ilẹ̀ kí wọ́n tó rí mi mú. Wọ́n di èjìká mi, wọ́n ń sunkún pẹ̀lú mi, kò sì sẹ́ni tó mọ òkú tí à ń sun. Ìyá Súlè ló kọ́kọ́ gbá orí ara rẹ̀ mú.

"Dúró ná, dúró ná. Kò sí awakọ̀ tó dé. Orin rẹ la gbọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nídìí agbada, tí ò ń kọrin òkú, tí omi ń dà lójú rẹ. A ní ìwọ lo ti gbọ́ nǹkan láti ilé tó ò fẹ́ sọ."

"Orin ìkórè ni, mà."

"Orin ìkórè wo?"

"Tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n fi ń jó."

"Orin ijó yẹn?" Ìyá Súlè jókòó padà. "Ta ló ń fi orin ijó ṣe báyẹn? Níbí o, ẹni tí ọ̀fọ̀ ò ṣẹ̀ kì í fa orin nílẹ̀. O fẹ́ẹ́ pa wá!"

Ni ẹ̀rín bá sọ. A rẹ́rìn-ín títí a fi di ìhà mú. Èmi ni mo wá sọ pé ọlẹ̀lẹ̀ náà ò gbọdọ̀ tutù, a sì jókòó ti oúnjẹ òkú tí kò kú. Àárín oúnjẹ ni Ìyá Súlè ní kí n tún orin náà kọ, kí òun gbọ́ ọ dáadáa nígbà tí ọkàn òun balẹ̀. Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ kejì, ó dá jíjẹ dúró.

"Ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ orin yìí láti ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ìlù nìkan ni mò ń gbọ́."

Ohun tí ẹsẹ̀ kejì ń sọ ni pé ẹni tó lọ sóko ń bẹ Ọlọ́run kó bá àwọn tó fi sílẹ̀ nílé láyọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn onílù máa ń ya wèrè. Èmi fúnra mi, tí wọ́n bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ijó ni mo máa ń jó kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí mo di ẹni tó lọ sóko tó fi ọmọ sílẹ̀ nílé ni mo tó gbọ́ ọ, nígbà tí mo sì yọ ìlù kúrò ni àwọn ẹlòmíràn gbọ́ ọ pẹ̀lú mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú orin nìyẹn. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo máa ń mú. Mo mú èyí tí ẹgbẹ́ olórin kan fi ń yin àwọn olówó, mo yọ orúkọ olówó kúrò, mo yọ gìtá, mo yọ ègbè. Ohun tó kù kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ọ̀rẹ́ kan ló ń bẹ ọ̀rẹ́ kan kó má jìnnà. Mo mú wákà tí Ìyá Súlè máa ń kọ nígbà ààwẹ̀. Mo kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Ó ní ẹni tó ń gbọ́ orin náà lókè ò bi òun léèrè ṣọ́ọ̀ṣì rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, mo ṣì ń dúpẹ́.

Àmọ́ àkókò fóònù kúrú. Orin kan ò tíì parí tí wọ́n á ti já a. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo nílò, rédíò tó lè gba ohùn sílẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá Jóòbù, télọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó tún jẹ́ olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kì í yá ẹnikẹ́ni ní rédíò náà. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún un. Ó ronú, ó ní kí n wá lọ́sàn-án ọjọ́rú, nígbà tí oòrùn bá ti lé gbogbo èèyàn wọlé.

Ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Mo ti mú àfọ́kù igbá lọ́wọ́, mo ń fi ha bẹ́ǹṣì jẹ́jẹ́. Mi ò tíì kọ orin ìkórè dé àárín tó fi tẹ bọ́tìnnì, tó dá mi dúró.

"Orin yìí ti rù o. Níbo ni ìlù wà? Jẹ́ n máa bá ẹ fi ọwọ́ lu tábìlì."

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ègbè ńkọ́? O kọ ọ́, o dákẹ́, bí ẹni tó gbàgbé. Ta ló máa gbè é?"

"Ọmọ mi ni, sà."

Ó tún bọ́tìnnì tẹ̀. Ní àárín orin kejì, ewúrẹ́ kan ké lójú fèrèsé. Ó fẹ́ ká tún un ṣe, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀, kí ọmọ náà lè mọ irú ibi tí mo wà. Nígbà tí a parí, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi aṣọ nù ún.

"O ti pa orin ìkórè wa," ó ní. "Ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ dára ní wíwò."

Láti ìgbà náà, mo fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Bó bá rán mi létí pé mo pa orin, màá rán an létí pé òun ló wa sàréè.

Ìyá mi sọ fún mi lórí fóònù pé Àyọ̀ká kì í sùn lọ́sàn-án láìgbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, pé ó ti mọ gbogbo rẹ̀, tòun ti ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọ orin ìkórè fún un, mo dé ibi tí mo máa ń dákẹ́, mo sì gbọ́ ohùn kékeré kan tó gbè é. Ó gbè é dáadáa. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kó má gbọ́ ẹkún mi.

"Ẹ ṣé, Tàǹtí," ó ní lẹ́yìn orin.

Ìyá mi ló wá ṣàlàyé. "Mo ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló ń kọrin nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó gbà. Ó ní ìyá òun wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní Tàǹtí ló ń pè lórí fóònù, tó ń mú bisikíìtì wá."

Ẹ gbọ́ mi bí? Mo ti wá di èèyàn méjì. Ọmọ mi ní ìyá, ó fẹ́ràn rẹ̀, kò kàn mọ̀ pé èmi ni. Mo jowú ohùn ara mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo tún dúpẹ́, nítorí pé ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ pé òun ní ìyá kan níbìkan.

Nígbà tí Àyọ̀ká pé ọmọ ọdún méje, àyà rẹ̀ ti lágbára, ó sì ti ń rẹ ìyá mi. Mo ti kó kúrò lẹ́yìnkùlé Ìyá Súlè lọ sí yàrá méjì tí èéfín kì í dé. Ìyá mi mú un wá, ó lo ọ̀sẹ̀ kan, ó padà. Ọmọ náà dojú bolẹ̀ sunkún rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ó ń jẹun, ó ń lọ sílé ìwé, ó ń bá àwọn ọmọ Lálúpọn pariwo. Ṣùgbọ́n "Tàǹtí, ẹ kú iṣẹ́" ni. "Tàǹtí, ebi ń pa mí" ni. Mi ò kọrin fún un. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi tó ṣì pè mí ní Tàǹtí, kí ló tún kù tí mo máa ṣe?

Ìyá Súlè bá mi wí. "O ń fi orin pamọ́ fún olórin. Kọ ọ́, jàre."

Nínú ọ̀sẹ̀ tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa kù sí dẹ̀dẹ̀, mo wà nídìí agbada, mo gbàgbé ara mi, orin náà bọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo dé ibi ìdákẹ́, ẹnì kan gbè é lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Àyọ̀ká dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé rẹ̀. Ó wo ẹnu mi. Ó wo igbá tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ẹnu mi padà. Ó rìn lọ sílé. Lálẹ́, kò pè mí ní Tàǹtí, kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi pè mí ní orúkọ kankan.

Ọjọ́ ìkórè pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Súlè wá bá mi yọ̀, òun náà jókòó tì mí, Àyọ̀ká wà láàárín wa. Bùrọ̀dá Jóòbù gbé ọwọ́ sókè, ìlù bú, agogo gbà á, fèrè gbà á, gbogbo ìjọ dìde sí orin ìkórè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká kí n tó wo ọmọ mi. Ó gun orí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ojú rẹ̀ ti le. Ẹsẹ̀ kejì dé, àwọn onílù sì ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti mí díẹ̀ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà ti kígbe, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ́ ọ.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ ti bà á jẹ́!" Ó di apá mi mú, ó ń mì ín. "Màámi, ẹ sọ fún wọn! Orin yín ni wọ́n ń bà jẹ́ yẹn! Màámi!"

Ọwọ́ àwọn onílù dúró sókè. Bùrọ̀dá Jóòbù yíjú padà. Ìyá Súlè ti di orúnkún mi mú, ó ń sọ jẹ́jẹ́, òun tí kì í sọ nǹkan jẹ́jẹ́, "Ṣé o gbọ́ nǹkan tó pè ẹ́? Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ìyá ìjọ kan tó jókòó níwájú bínú gan-an. Ó dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ọmọ ta nìyí? Mo ní ọmọ ta nìyí, tí kò lẹ́kọ̀ọ́?"

Gbogbo ojú ń wá ẹni tó ni ọmọ. Mo dìde. Mo rìn láàárín wọn lọ síwájú, mo sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú Bùrọ̀dá Jóòbù, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ṣẹ àgbà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní. "Ọmọ mi ni."

Ó ní ó ti tó, kí n dìde. Mi ò dìde. Mo yíjú sí ìyá ìjọ tó béèrè, mo sì tún un sọ sókè bí ará Lálúpọn, kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́.

"Ẹ foríjì í, mà. Ọmọ mi ni."